Ọ̀pá Jíà Ló Le, Wọ́n Ní Ká Lọ Ra Àpótí Jíà

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ta aṣọ ní Àjàṣẹ́ ná 150.000 fáráǹ sórí ọkọ̀ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá nítorí àwọn ike kéékèèké mélòó kan tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ka owó náà sọ́wọ́ mẹkáníìkì. Mo tún wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a rí àwọn ike náà. Owó ọjà ni owó yẹn. Òun ni ìyàwó rẹ̀ ìbá fi ra aṣọ tó fẹ́ gbé lọ tà ní Kétu kí ọdún Iléyá tó dé. Ọdún dé, ọdún lọ, aṣọ kò sí lórí àtẹ.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe irú èyí tí a ń rí lójú ọ̀nà wa lójoojúmọ́. Peugeot 205 GTI ni, tòkúnbọ̀ tó ti Faransé gba èbúté Kútọnu wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ bi mí pé kí ni oníṣòwò aṣọ ń fi ọkọ̀ asáré ṣe, mo ti bi í kí ẹ tó bi mí. Ó ní láti kékeré lòun ti rí àwòrán rẹ̀, òun sì ti bá ara òun ṣe ìlérí. Ó dáa. Ọdún 1984 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot kọ́kọ́ gbé GTI náà jáde. Nígbà tó di 1986, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì lítà 1,9 sínú òmíràn, agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 130, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà kò wúwo ju nǹkan bí 900 kìlò lọ. Ẹ fojú inú wo ewúrẹ́ tí wọ́n fún ní ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín. Lónìí, àwọn tó ní i ní Yúróòpù ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú góòlù. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò rí bíi góòlù. Àwọ̀ pupa rẹ̀ ti ṣá, ilẹ̀kùn kan kò sì ṣeé ṣí láti inú. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáa, ó sì fẹ́ràn rẹ̀.

Jíà kejì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Á tì í, á kọ̀. Á tún un tì, á wọlé tipátipá. Nígbà tó yá, ọ̀pá jíà náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí eyín tó fẹ́ yọ: ẹ lè gbá a sọ́tùn-ún, ẹ lè gbá a sósì, kò mú nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan a ń ti Pọ̀bẹ̀ bọ̀, a kò tíì dé Ṣakété, ó yọ jíà kẹrin kó lè fi sí ẹ̀kẹta. Ó wá ẹ̀kẹta, kò rí i. Ó wá ẹ̀kejì, kò rí i. Ọkọ̀ ń dákẹ́ lọ láàárín títì, ọkọ̀ akẹ́rù tó kó sìmẹ́ǹtì láti Onígbólò sì ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ó ń fọn fèrè bí ẹni tí inú ń bí. Ó yà fún wa tán pátápátá ni. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ mi ọkọ̀ wa tìtì. Títí a fi délé, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àwa méjèèjì.

Mi ò ní dárúkọ garáàjì tó gbé e lọ, torí kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀, ó ti ọ̀pá jíà lẹ́ẹ̀mejì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́.

"Bùọ̀dá, bwáàtì ti kú. Ká wá òmíràn."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọ̀gá, ẹ ò tíì wo abẹ́ rẹ̀ o."

"Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Etí ni mo fi ń mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Èmi tí wọ́n kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìròyìn pé kí n máa bi mínísítà pàápàá pé "báwo lẹ ṣe mọ̀?", mi ò bi mẹkáníìkì. Mo kàn mirí. Àwa méjèèjì mirí.

Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó rí àpótí jíà ní Kútọnu. Ara ọkọ̀ 405 tó ti di àkúrun ni wọ́n ti tú u. Ìyẹn kì í ṣe irọ́ o, torí irú àpótí jíà kan náà, èyí tí Peugeot ń pè ní BE, ló wà nínú 205 GTI, nínú 309 àti nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ 405 tí àwọn onítakisí wa ń wà. Ó wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n eyín inú wọn kì í dọ́gba. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tó ń gbé ìdílé kì í sáré bí èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ asáré. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n mi kó tó sanwó. Ó tilẹ̀ tún jẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n parí iṣẹ́, ó jókòó, ó fẹsẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó di ọ̀pá jíà mú, jíà kejì sì kọ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń kọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ní kó máa wà á lọ bẹ́ẹ̀, pé tó bá rìn díẹ̀, á rọ̀.

Bí a ṣe ń jáde, ọmọ iṣẹ́ kan sìn wá dé ẹ̀bá títì. Ọmọ náà kò tíì tó ogún ọdún. Ó wẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe bwáàtì o. Àwọn ọ̀pá abẹ́ yẹn ni. Ike orí wọn ti jẹ tán. Mo rí i lọ́jọ́ tí a tú u."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

Ó wolẹ̀. Ó ti kúrò ní garáàjì yẹn báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ ọ́ síbí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó rí, torí ẹni tó ń wọ takisí lọ sí ọjà àti ẹni tó ní takisí ló yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Nínú ọkọ̀ bíi 205 yìí, iwájú ni ẹ́ńjìnnì àti àpótí jíà wà, ọ̀pá tí ẹ ń fọwọ́ dì mú sì wà láàárín àga méjèèjì. Ọwọ́ yín kò kan àpótí jíà rárá. Ohun tó wà láàárín wọn ni ọ̀pá gígùn kan tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, àti àwọn ọ̀pá kéékèèké mẹ́ta níwájú tó ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ yín lọ sí ara àpótí náà. Orí àwọn ọ̀pá kéékèèké yìí ni ife ike wà, ife náà sì gbá irin róbótó kan mọ́ra bí ìgbà tí orí eegun wọ inú oríkèé. Ooru ẹ́ńjìnnì ń yan án, iyẹ̀pẹ̀ pupa ọ̀nà wa sì ń há sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ike náà á gbẹ, á gbòòrò, nígbà mìíràn á tilẹ̀ bọ́ kúrò lórí irin lójú ọ̀nà. Ìdí ọ̀pá jíà fúnra rẹ̀ náà ní ibi tó ti ń yí, ibẹ̀ náà sì ń jẹ. Tí ibi mẹ́rin bá fi díẹ̀díẹ̀ ṣò, ọ̀pá tí ẹ tì sí jíà kejì kò ní gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ jíà kejì mọ́. Àpótí jíà jókòó jẹ́ẹ́, kò gbọ́ nǹkan kan.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ ibi tí àrùn wà? Ọmọ iṣẹ́ yẹn fi hàn wá nínú àgbàlá ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ Àìkú, kò sì gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó kọ́kọ́ ní ká pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní bí gbogbo jíà bá ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń kọ̀ tàbí tí wọ́n ń han nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, pàápàá jíà tí a fi ń padà sẹ́yìn, kílọ́ọ̀ṣì ni ká kọ́kọ́ wò. Wáyà ló ń fa kílọ́ọ̀ṣì 205. Bí wáyà bá ti gùn jù tàbí tó ti ń já lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, kò ní tú sílẹ̀ tán. Wáyà lásán nìyẹn o, kì í ṣe àpótí jíà.

Tiwa kò wọlé dáadáa bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ kú. Ó wá ní kí n jókòó sínú ọkọ̀, kí n máa ti ọ̀pá jíà síwá sẹ́yìn, òun sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Mo ń tì í, ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ibẹ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi kó wá wò ó. Ọwọ́ mi ń rìn jìnnà lókè, apá irin tó wà lára àpótí jíà kò sì kúrò lójú kan. Lẹ́yìn náà ló yọ àwọn ọ̀pá kéékèèké náà kúrò, ó fi ọwọ́ lásán yí apá irin yẹn. Jíà wọlé. Ó yọ ọ́, ó tún fi òmíràn sí i, ó wọlé. Kò sí ẹni tó nílò ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kó tó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Mi ò sọ pé àpótí jíà kì í bàjẹ́. Bí jíà kan ṣoṣo bá ń han nígbà gbogbo tí àwọn yòókù dáa, tàbí tí jíà bá ń fò jáde fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà, tàbí tí wọ́n tú epo inú rẹ̀ tí wọ́n bá rí irin wẹ́wẹ́ níbẹ̀, ìgbà yẹn ni kí mẹkáníìkì wá máa dárúkọ bwáàtì. Ìgbà yẹn pàápàá, kó fi irin wẹ́wẹ́ náà han yín.

Pípààrọ̀ ọ̀pá jíà àti àwọn ọmọ rẹ̀ kò le tó bí mo ṣe rò. A rí ọ̀pá mẹ́ta tuntun tó ní ike lórí ní Kútọnu ní 12.000, a sì rí ọ̀pá jíà tí ìdí rẹ̀ ṣì le dáadáa lára 205 kan tí wọ́n ti pa tì, 6.000. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi jáàkì nìkan gbé ọkọ̀ tí èèyàn fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀. A fi igi ńlá sábẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì kó tó wọlé, a sì dúró kí sàléńsà tutù. Ó wọn gígùn àwọn ọ̀pá àtijọ́ kó tó de àwọn tuntun, torí bí ọ̀kan bá gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ máa rí jíà kìíní, ẹ kò ní rí ìkarùn-ún. Ó nu orí irin róbótó, ó fi gíríìsì sí i, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ike mọ́ ọn títí a fi gbọ́ "kò!" Èyí tó pẹ́ jù ni títú ike tó bo ìdí ọ̀pá jíà nínú ọkọ̀, torí ẹnì kan ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ nígbà kan rí. Láti aago mẹ́sàn-án títí di ìrọ̀lẹ́ la fi ṣe é, a sì jẹun láàárín rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti ọ̀pá jíà sí ẹ̀kejì, ó wọlé bí ìgbà tí èèyàn ti ṣíbí sínú ògì. Kò sọ̀rọ̀. Ó yọ ọ́, ó tún fi sí i, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá.

Ṣé olè ni ọ̀gá garáàjì yẹn? Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó gba ohun tó sọ gbọ́. Èyí tó ń bí mi nínú ju olè lọ ni pé kò wò ó, mo sì ti wá mọ ìdí tí kò fi wò ó: kò sẹ́ni tó ń sanwó ìwò fún un. Bó bá lo wákàtí kan lábẹ́ ọkọ̀, tó wá sọ pé ike 12.000 ni, kí la máa fún un? A máa fún un ní 2.000, a sì máa kùn pé kí ló ṣe, ṣebí ó kàn wò ó ni. Ṣùgbọ́n bó bá sọ àpótí jíà kalẹ̀, tó gbé òmíràn sókè, tí epo kùn ún dé ìgbọ̀nwọ́, a máa gbà pé ó ṣiṣẹ́. Àwa oníbàárà la kọ́ ọ pé agbára là ń sanwó fún. Ojú àti làákàyè, ọ̀fẹ́ la fẹ́ ẹ.

Bẹ́ẹ̀ a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ẹni tó lọ sọ́dọ̀ babaláwo kì í sọ pé kó má dá Ifá, kó kàn sọ ẹran tí òun máa rà. Owó àdífá wà lọ́tọ̀, ẹbọ wà lọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ pé Ifá ní kò sí ẹbọ kankan, babaláwo kò ní dá owó àdífá padà, kò sì sẹ́ni tó máa bèèrè rẹ̀. Kí ló dé tí ọkọ̀, tó ń gbé ẹ̀mí wa àti ọjà wa, fi jẹ́ pé ẹbọ la máa ń kọ́kọ́ rú?

Ohun tí mo fẹ́ kí àwa oníbàárà máa ṣe nìyí: ká bá mẹkáníìkì dá owó ìwò, ká san án lọ́tọ̀, kó tó fọwọ́ kan sípánà. Ká ní, "Ọ̀gá, owó ìwò rèé. Ẹ fi ibi tó ti jẹ hàn mí, lẹ́yìn náà ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́." Ẹni tó ti gba owó nítorí pé ó wò ó kò ní máa sáré láti rí iṣẹ́ ńlá. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn mẹkáníìkì mélòó kan ní Àjàṣẹ́ àti ní Ìfàngní. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní bí àwọn èèyàn bá lè san án, òun máa wọ abẹ́ ọkọ̀ lójoojúmọ́, torí òun náà kò fẹ́ràn kí wọ́n máa gbé ọkọ̀ padà wá bínú sí òun.

Èkejì, ohun tí wọ́n bá yọ lára ọkọ̀ yín, tiyín ni. Ẹ gbé e lọ sílé. Nígbà tí a rí i pé àpótí jíà kò ṣe nǹkan kan, a padà lọ bèèrè èyí àkọ́kọ́, ojúlówó ti GTI. Wọ́n ní ẹnì kan ti wá kó àwọn irin àtijọ́ lọ. Àpótí jíà tó dáa, èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ asáré, ti bá irin àtijọ́ lọ, tàbí kó wà nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn báyìí. Ti takisí ló kù sí wa lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọkọ̀ náà ń rìn, ṣùgbọ́n kì í fò mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló dùn mí jù. Àwọn ọ̀gá kan sọ fún mi pé bí ọmọ iṣẹ́ bá ń sọ̀rọ̀ níwájú oníbàárà, ọ̀gá kò ní iyì mọ́. Mo gbọ́. Èmi náà kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà fúnra wọn ló sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Abẹ́ 205 ni kèrègbè tiwa. Ọmọ tó tín-ín-rín ló wọlé síbẹ̀, òun ló rí ohun tó wà níbẹ̀, ọ̀gá tó dúró lókè kò sì lè rí i láéláé. Kò pọn dandan kó sọ ọ́ níwájú oníbàárà. Kí ọ̀gá pè é sẹ́yìn ilé, kó bi í pé "kí lo rí lábẹ́ ibẹ̀?", kó sì wá jáde fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Iyì rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀, owó ẹ̀gbọ́n mi náà á ṣì wà níbẹ̀.

Ìjọba wa ti gbé ìdánwò CQM kalẹ̀ fún àwọn tó parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, èyí sì dára ju kí ọmọ kàn ṣe ayẹyẹ òmìnira, kó ra ọtí fún àwọn ọ̀gá, kó sì máa lọ. Bí mo bá wà lára àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà fún mẹkáníìkì, mo máa gbé ọkọ̀ kan síwájú ọmọ náà, máa ní kó má tú nǹkan kan. Kó wò ó. Kó wá ṣàlàyé fún ìyá alátẹ kan tí kò mọ ọkọ̀ wà, ohun tó ń ṣe é, ohun tó máa ná an, àti bó ṣe mọ̀. Bí ìyá náà bá yé e, ọmọ yẹn yege.

Ọmọ iṣẹ́ tiwa ń múra ìdánwò náà sílẹ̀ ní garáàjì míì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, ẹ̀gbọ́n mi fún un ní 10.000. Ó ní 5.000 fún iṣẹ́, 5.000 fún ìwò. Ọmọ náà ka owó náà, ó mú 5.000 kejì, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án padà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o, ṣùgbọ́n mi ò ṣe nǹkan kan fún èyí. Mo kàn wò ó ni." Ó pẹ́ ká tó rí i bẹ̀ kó gbà á.